Ọ̀wẹ̀ Lórí Àrùn Jẹjẹrẹ: Ohun tí Ilẹ̀ Rùwáńdà Ṣe, àti Ohun tí Ó Kù fún Àwa

Kò sí àgbẹ̀ kan tí ń ka ìwé yìí tí kò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀wẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, tí òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, olóko a ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan. Wọn a dé ní kùtùkùtù, olúkúlùkù pẹ̀lú ọkọ́ tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ tí olóko ìbá fi odidi oṣù kan ro a ti mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀wẹ̀ a máa bàjẹ́. Bí olóko kò bá mọ ààlà oko rẹ̀, tí kò sì pín iṣẹ́ fún àwọn tí ó wá, ènìyàn mẹ́wàá a ṣù jọ sí ojú kan, koríko a sì dúró ní ìhà kejì. Bí kò bá sì ronú bí òun yóò ti máa tọ́jú oko náà lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá lọ sí ilé wọn, igbó a tún bò ó kí oṣù méjì tó pé.

Òwe ọ̀wẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á fi wo ọ̀ràn jẹjẹrẹ, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn àrùn tí ń pa àwọn ìyá wa ní ìdákẹ́jẹ́. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ dókítà nìkan ni; àwọn mìíràn rò pé ti ìjọba nìkan ni; ọ̀pọ̀ sì ti gbà nínú ọkàn wọn pé kò sí ẹni tí apá rẹ̀ lè ká a. Orílẹ̀-èdè kan wà ní Áfíríkà wa yìí tí ó ti fi hàn pé ọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń bá jà.

Bí àrùn náà ti rí

Ara ènìyàn kún fún ohun kéékèèké tí ojú kò lè rí, nínú èyí tí ẹran ara ti ń dàgbà. Àwọn wọ̀nyí a máa gbó, wọn a máa kú, òmíràn a sì máa rọ́pò wọn ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn bá kọ̀ láti pa ìwọ̀n náà mọ́, tí wọ́n ń pọ̀ sí i láìdúró, tí wọ́n ń jẹ ẹran ara tí ó wà létí wọn, tí wọ́n sì ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibòmíràn, èyí ni à ń pè ní jẹjẹrẹ. Oríṣiríṣi ni. A máa mú ọyàn, a máa mú ẹ̀dọ̀, a máa mú ọmọdé pàápàá. Ẹni tí ó bá aláìsàn jẹun, tàbí tí ó wẹ ọgbẹ́ rẹ̀, kò lè ti ibẹ̀ ní jẹjẹrẹ. Nítorí náà kí a má ṣe sá fún aláìsàn.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ni ó ṣe ìwádìí tí ó fi hàn, ní ìgbà ọdún 1983 sí 1984, pé kòkòrò àìlèfojúrí kan tí à ń pè ní HPV ni ó ń fà á. Nítorí èyí ni a fi fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní ọdún 2008. Láàárín ọkùnrin àti obìnrin ni kòkòrò yìí ti ń ràn, ó sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ti ṣe ìgbéyàwó ni yóò ti ní i rí nígbà kan, láìmọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara fúnra rẹ̀ a lé e jáde. Ṣùgbọ́n lára àwọn obìnrin kan a jókòó, a sì máa ba ẹnu ilé-ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe àmì panṣágà. Obìnrin tí ó ṣe olóòótọ́ sí ọkọ rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ lè ní i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ àìsàn yìí di ẹ̀sùn.

Kí ó tó di jẹjẹrẹ, a máa gbà tó ọdún 15 sí 20. Ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí òun ni ààyè tí a fún wa. Àwọn baba wa sọ pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi lè pẹ̀ka ìrókò yìí.

Èkíní ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ń fún ọmọbìnrin kí kòkòrò náà tó lè dé ara rẹ̀. Èkejì ni àyẹ̀wò fún obìnrin tí ó ti dàgbà. Nọ́ọ̀sì a fi ọtí kíkan tí a ti fi omi là kan ẹnu ilé-ọmọ. Bí ibì kan bá ti ń bàjẹ́, a di funfun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà ni a lè fi òtútù líle tàbí ooru pa ojú ibẹ̀, obìnrin náà a sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé. Àyẹ̀wò mìíràn tún wà nísinsìnyí tí ń wá kòkòrò HPV fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, nípa iṣẹ́ abẹ, nípa oògùn, àti nípa ẹ̀rọ ìtànṣán. Bí a bá tètè dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ń yè.

Wàyí o, ẹ kíyèsí i pé kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí tí ọwọ́ kan lè dá ṣe. Abẹ́rẹ́ kò wúlò bí kò bá sí ẹni tí yóò mú ọmọ wá gbà á. Nọ́ọ̀sì lè ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ibi tí yóò rán ẹni tí ó ní àrùn lọ, ìbànújẹ́ nìkan ni ó fi fún un. Ilé ìwòsàn ńlá lè ní gbogbo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí aláìsàn kò bá ní owó ọkọ̀, ẹ̀rọ náà kò sí fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Bí Rùwáńdà ti bẹ ọ̀wẹ̀ rẹ̀

Ilẹ̀ Rùwáńdà wà ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó kéré, ó sì kún fún òkè. Nígbà tí a ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 13. Ní ọdún 1994 ni ìpakúpa ńlá nì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sí àwọn ẹ̀yà Tutsi. A pa ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn sá kúrò ní ìlú, ilé ìwòsàn sì di ahoro. Ẹni tí ó bá sọ nígbà náà pé ilẹ̀ yìí ni yóò ṣáájú Áfíríkà nínú ìjà pẹ̀lú jẹjẹrẹ, àwọn ènìyàn ìbá fi í rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Rùwáńdà ní àṣà kan tí ó jọ ọ̀wẹ̀ wa. Umuganda ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, àwọn ará àdúgbò a jáde láti tún ọ̀nà ṣe, láti gbin igi, tàbí láti bá aláìní kọ́ ilé. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé dé ọ̀ràn àìsàn yìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, Rùwáńdà di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ HPV káàkiri gbogbo ilẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ apoògùn Merck ti Amẹ́ríkà ni ó fi abẹ́rẹ́ náà tọrẹ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Merck ni ó pín oko. Ìjọba Rùwáńdà ni ó wọn ààlà, òun ni ó sì fi ebè olúkúlùkù hàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni ó gbé abẹ́rẹ́ náà nínú òtútù tí ó yẹ, láti olú-ìlú títí dé àwọn òkè tí ó jìnnà. Àwọn tiṣà ni ó kọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì kẹfà, nítorí ní ilẹ̀ náà, ọmọbìnrin tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn baálẹ̀ àti àwọn olórí ìjọ ni ó ṣe àlàyé fún àwọn òbí. Àwọn amójútó ìlera abúlé, tí àwọn ará abúlé fúnra wọn yàn, tí iye wọn sì tó nǹkan bí 45,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ni ó lọ wá àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ilé wọn.

Ìgbà mẹ́ta ni a ń gba abẹ́rẹ́ náà nígbà yẹn. Nígbà tí ọdún 2011 fi parí, 93 nínú 100 àwọn ọmọbìnrin tí a wá ni ó ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ púpọ̀ kò tí ì ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí alátakò. Ní ọdún kan náà, àwọn onímọ̀ kan ní òkè òkun kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé irú iṣẹ́ yìí kò tí ì kan orílẹ̀-èdè tálákà, pé àwọn àrùn mìíràn wà tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mójú tó, àti pé ọrẹ tí oníṣòwò bá fi fúnni kì í pẹ́. Àwọn ará Rùwáńdà, pẹ̀lú Dókítà Agnes Binagwaho tí ó jẹ́ Mínísítà ètò ìlera láti ọdún 2011 sí 2016, dá wọn lóhùn pé àwọn kò fi àjẹsára ìyókù sílẹ̀, nítorí ó ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ju 90 nínú 100 lọ. Àti pé kò tọ́ kí obìnrin kú ní àrùn tí a lè dínà rẹ̀, kìkì nítorí pé tálákà ni.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa ọrẹ tí kì í pẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, Rùwáńdà kò sì fi ṣeré. Kí ọdún mẹ́ta Merck tó parí ni wọ́n ti wá ẹni tí yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ àgbáyé tí à ń pè ní Gavi, tí ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọlé sí iṣẹ́ náà. Olóko tí ó gbọ́n a máa mọ ọjọ́ tí àlejò rẹ̀ yóò lọ.

Ní ti àwọn tí àrùn ti mú, a ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan sí ilé ìwòsàn Butaro, ní àwọn òkè ìhà àríwá, ní oṣù keje ọdún 2012. Kì í ṣe ìlú ńlá ni Butaro. Àárín àwọn àgbẹ̀ ni. Ìjọba àti ẹgbẹ́ Partners In Health ni ó jọ gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Dana-Farber ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe ògbóǹtarìgì nípa jẹjẹrẹ ni a kọ́ ní iṣẹ́ náà. Àwọn ògbóǹtarìgì tí ó wà ní Boston a sì máa gbìmọ̀ pẹ̀lú wọn láti ọ̀nà jíjìn lórí ọ̀ràn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a ń fi ẹran ara tí a gé fún àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí òkè òkun. Lẹ́yìn náà a kọ́ ilé àyẹ̀wò sí Butaro fúnra rẹ̀. A sì mọ̀ pé ebi àti ọ̀nà jíjìn a máa dá aláìsàn padà, nítorí náà a pèsè oúnjẹ àti owó ọkọ̀ fún àwọn tí kò ní. Dókítà Paul Farmer, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Partners In Health sílẹ̀, kú ní Butaro ní oṣù kejì ọdún 2022, níbi tí ó ti ń bá wọn kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìlera. Àlejò náà lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dúró, nítorí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ oko.

Ibì kan wà tí ó pẹ́ kí ọwọ́ tó tó. Rùwáńdà kò ní ẹ̀rọ ìtànṣán, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ti mú kò lè ṣe aláìlò ó. Ilé ìwòsàn Mulago ní ilẹ̀ Uganda ni a ń rán wọn lọ. Ní ọdún 2016, ẹ̀rọ ìtànṣán kan ṣoṣo tí Uganda ní bàjẹ́ pátápátá, ọ̀nà ìwòsàn sì dí mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà àti àwọn àlejò wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Rùwáńdà ní láti máa rán àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ sí Kẹ́ńyà, títí ó fi gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní ìlú Kigali ní ọdún 2019. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: oko tí ó gbẹ́kẹ̀lé ọkọ́ àyálò, ọjọ́ tí ọkọ́ náà bá kán ni iṣẹ́ dúró.

Ohun tí ó kù fún àwa

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lé ní 12,000, àwọn tí ó sì pa ní ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8,000. Èyí ju ìyá 20 lọ ní ọjọ́ kan, láti Àìkú dé Àìkú.

A kò jókòó láìṣe nǹkan. Láti ìgbà ọdún 1960 ni a ti ń kọ orúkọ àwọn tí jẹjẹrẹ mú sínú ìwé ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn; ìwé náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jùlọ ní Áfíríkà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí iṣẹ́ kékeré, nítorí ẹni tí kò ka ebè rẹ̀ kò lè mọ iye ènìyàn tí yóò bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀. Ní ọdún 2017 ni a ṣe òfin tí ó dá ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2019, owó ìdókòwò ìjọba àti ilé ìwòsàn LUTH ní Èkó parapọ̀ láti ṣí ibùdó ìtọ́jú tí ó ní ẹ̀rọ ìtànṣán. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ HPV bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà láìgba owó, fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbà á; ó sì kan Ọ̀yọ́, Òǹdó, Èkìtì, Kwara àti àwọn ìyókù ní ọdún 2024. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á nísinsìnyí, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé ẹyọ kan tó fún ọmọdé.

Ìjọba ti mú abẹ́rẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ni olóko? Àwa tí a ni ọmọ ni. Mo ti gbọ́ ọ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ ọmọbìnrin di àgàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí kòkòrò ààyè kan nínú rẹ̀, kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ọmọ bíbí. Láti ọdún 2006 ni a ti ń lò ó ní ayé. Ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, a wo ìwé àwọn obìnrin tí ó gba abẹ́rẹ́ yìí pé nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12 tàbí 13. Ìwádìí náà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2024, kò rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ mú. Ohun tí ń ba ilé-ọmọ jẹ́ ni jẹjẹrẹ. Abẹ́rẹ́ ni ó ń dáàbò bò ó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mọ ebè tirẹ̀.

Bàbá àti ìyá tí ó ní ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14, kí ó lọ béèrè abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìtọ́jú tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì tọ́jú káàdì tí a bá fún un.

Obìnrin tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, kí ó lọ fún àyẹ̀wò bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ń dùn ún. Ẹni tí ó ní kòkòrò HIV, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 25, nítorí ewu tirẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ. Èyí tí ó ti gba abẹ́rẹ́ ní èwe, kí òun náà má ṣe fi àyẹ̀wò sílẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà.

Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, tàbí láàárín oṣù, tàbí lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ẹni tí omi olóòórùn bá ń dà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan kókó ní ọyàn, bí kò tilẹ̀ dùn ún: kí ó má ṣe dúró de ìgbà ìkórè, kí ó má sì fi àgbo dán an wò fún oṣù mẹ́fà. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Ọkọ, kí ó má ṣe dí aya rẹ̀ lọ́nà. Kí ó fún un ní owó ọkọ̀, kí ó sì bá a lọ bí ó bá lè ṣe é.

Àwa olùkọ́ àti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kí á máa kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ àyẹ̀wò bí a ti ń kéde ọjọ́ ìkórè. Ẹ jẹ́ kí á mọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí àwọn ni ó rọrùn jù láti gbàgbé. Bí ẹgbẹ́ àwọn ìyá bá sì lè dá owó díẹ̀ jọ lóṣooṣù fún ọkọ̀ aláìsàn, ẹgbẹ́ náà ti ro ebè tí dókítà kankan kò lè bá wọn ro.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, pé nígbà tí ó bá fi di ọdún 2030, kí 90 nínú 100 ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún 15. Kí 70 nínú 100 obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò nígbà tí wọ́n bá fi pé ọdún 35, kí wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 45. Kí 90 nínú 100 àwọn tí a bá rí àrùn lára wọn sì gba ìtọ́jú. Rùwáńdà ti kéde ní ọdún 2025 pé òun fẹ́ dé ibẹ̀ ní ọdún 2027, kí àkókò náà tó pé. Oko tiwa tóbi ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa pọ̀ ju tiwọn lọ pẹ̀lú. A ti wọn ààlà, àwọn tí yóò ràn wá lọ́wọ́ sì ti dé. Kí olúkúlùkù gbé ọkọ́ rẹ̀.